Òkè Wo Ni Ó Yẹ Wá? Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Lọ Fi Síkì Rìn Lórí Òjò Dídì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá rìn jìnnà yóò rí abuké erin. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó di ẹrù ìrìn àjò, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: irú ẹsẹ̀ wo ni mo ní, irú ọ̀nà wo ni mo sì fẹ́ gbà? Ìbéèrè yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé òjò dídì kì í rọ̀ ní Ìbàdàn, kì í rọ̀ ní Abẹ́òkúta, kì í sì í rọ̀ ní Kùtọnu. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ ka orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti fi Lọ́ńdọ́nù àti àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ilé kò kéré níye. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń bá àwọn ọmọ òyìnbó jókòó ní kíláàsì kan náà. Bí ìsinmi ìgbà òtútù bá parí, àwọn ẹgbẹ́ wọn á máa ròyìn òkè tí wọ́n lọ. Bí àwọn tiwa bá dé ilé, wọ́n á ní, “Dádì, nígbà wo ni àwa náà yóò lọ?” Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ pe ìyá àgbà láti ilé kí ó wá bá wọn ṣe ìsinmi náà. Owó tí tọkọtaya fi odindi ọdún kan tù jọ ni wọn yóò ná sí i. Bí wọ́n bá yan òkè tí kò yẹ wọ́n, owó ti bọ́ sómi nìyẹn. Bí wọn kò bá sì ṣọ́ra, ohun tí ó ju owó lọ lè bá a lọ.

Kì í sì í ṣe nǹkan òyìnbó nìkan mọ́. Ní ọdún 2018, Simidele Adeagbo ṣojú Nàìjíríà ní eré Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Pyeongchang ní ilẹ̀ Kòríà, níbi tí ó ti dojú bolẹ̀ lórí ohun èlò pẹlẹbẹ kan tí ó sì sá eré àsápajúdé lórí yìnyín. Ní ọdún 2022, ní Beijing ní ilẹ̀ Ṣáínà, Samuel Ikpefan ṣojú Nàìjíríà nínú irú síkì tí à ń sọ nípa rẹ̀ yìí gan-an.

Kí ni síkì ìrìn?

Oríṣi síkì méjì ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ni síkì ìsọ̀kalẹ̀. Nínú eléyìí, ẹ̀rọ ni yóò gbé ènìyàn lọ sí ṣóńṣó òkè, òun yóò sì máa yọ̀ bọ̀ wá sísàlẹ̀ bí ọmọdé tí ń yọ̀ lórí àpáta. Èkejì ni síkì ìrìn, èyí tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni a ń wọ̀ sí ẹsẹ̀. Iwájú bàtà nìkan ni a so mọ́ pákó náà. Gìgísẹ̀ ń gbéra sókè bí ìgbà tí ènìyàn ń rìn. Ọ̀pá méjì á wà lọ́wọ́ tí a fi ń ti ilẹ̀. Apá, ẹ̀yìn, itan àti ẹsẹ̀, gbogbo wọn ni yóò ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá fi wákàtí kan rìn bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ pé òun ti ṣiṣẹ́ oko.

Ní ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe é dáadáa, ẹ̀rọ kan tí ó jọ katakata a máa kọjá lójú ọ̀nà. A tẹ òjò dídì náà mọ́lẹ̀, a sì fa ipa méjì sí i lára tí wọ́n lọ gbọọrọ bí ojú irin rélùwéè. Inú ipa méjì yìí ni ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ yóò ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀. Àwọn mìíràn a máa fi ẹsẹ̀ gbá sọ́tùn-ún sósì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa náà; irú ìrìn yìí gbilẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1980 síwájú, ó yá ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń gba agbára jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi etí sí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀. Òkè tí ó dára fún síkì ìsọ̀kalẹ̀ lè má dára rárá fún síkì ìrìn. Ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ ń wá òkè tí ó dúró ṣánṣán. Ẹni tí ń rìn ń wá ibi tí ó ga tó kí òjò dídì má tètè yọ́, ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ tẹ́ bí ilẹ̀ Jos, tàbí àfonífojì gbayawu tí ó wà láàárín àwọn òkè. Ẹni tí ó bá wo àwòrán òkè ṣóńṣó lára kàlẹ́ńdà tí ó sì sanwó lórí àwòrán náà, ó dà bí ẹni tí ó ra aṣọ lórí pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lẹ́wà.

Ìbéèrè kìíní: Ta ni ń lọ?

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí á tó dárúkọ òkè kankan, ẹ jẹ́ kí á ka orí àwọn tí ń lọ. Ọmọ ọdún mélòó ni ó wà nínú wọn? Ta ni orúnkún ń dùn? Ta ni kò ní wọ síkì rárá, tí yóò kàn jókòó wò wọ́n?

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ gíga òkè. Bí ènìyàn ṣe ń gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i. Ní gíga mítà 1,800, afẹ́fẹ́ ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti etí òkun. Ẹni tí ara rẹ̀ le yóò kàn máa mí hẹlẹhẹlẹ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ara rẹ̀ yóò sì gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí àyà ń dùn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga àti ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú kọ́kọ́ rí dókítà.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí àwọn ìwé òyìnbó nípa síkì kì í sábà sọ, nítorí pé kò wọ́pọ̀ láàárín wọn, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ láàárín tiwa. Òun ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, àìsàn tí a ń pè ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Òtútù, àìmu omi tó, iṣẹ́ àṣekúdórógbó àti afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ orí òkè wà nínú àwọn ohun tí ó máa ń ta ìrora àìsàn náà jí. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sì ń bẹ lórí òkè síkì. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS kì í sábà rí wàhálà, síbẹ̀ a ti rí díẹ̀ nínú wọn tí inú ro gidigidi níhà òsì nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ agbára ní ibi gíga. Nítorí náà, kí òbí tí ó ní ọmọ SS má ṣe san kọ́bọ̀ kan kí ó tó bá dókítà ọmọ náà sọ̀rọ̀, kí ó sì dárúkọ òkè náà àti gíga rẹ̀ fún un. Bí dókítà bá ní rárá, rárá náà ni. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìbéèrè kejì: Ìgbà wo ni à ń lọ?

Gbogbo ará Ìbàdàn ni ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá lọ ra aṣọ òkè ní Ọjẹ́ nígbà tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, òfìfo ìsọ̀ ni yóò bá. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò dídì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ayé sì ti ń móoru sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Jánúárì ọdún 2023, koríko ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti sanwó bá ní àwọn òkè kéékèèké ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí ó yẹ kí òjò dídì wà. Ní agbègbè Jura ní ilẹ̀ Faransé, ìdíje ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Transjurassienne; ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n ti fagi lé e nítorí àìsí òjò dídì. Ní ilẹ̀ Swídìn pàápàá, níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, Vasaloppet tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1922, ìdíje kìlómítà 90 tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Ìbàdàn sí Òṣogbo, kò wáyé ní ọdún 1932, 1934 àti 1990 nítorí ìdí kan náà.

Olùkọ́ kò sì lè lọ nígbà tí ó bá wù ú. Ìgbà mẹ́ta péré ni ilé ìwé ń tì fún un nígbà òtútù: ọdún Kérésìmesì, ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan inú oṣù Fẹ́búárì, àti ọdún Àjíǹde. Ìgbà tí ó bá bọ́ sí ni yóò yan òkè fún un.

Bí ó bá jẹ́ Kérésìmesì, kí ó lọ sí ibi tí ó ga, nítorí òjò dídì kì í tíì dájú ní ìsàlẹ̀. Kí ó má sì gbàgbé pé ní ìhà àríwá, ọjọ́ kúrú gan-an ní àkókò náà. Ní Lillehammer ní ilẹ̀ Nọ́wè, oòrùn kì í lò tó wákàtí mẹ́fà lójú ọ̀run ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Bí ó bá jẹ́ Fẹ́búárì, òjò dídì wà níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni gbogbo Yúróòpù ń rìn, owó ilé á sì gbówó lórí. Bí ó bá jẹ́ Àjíǹde, kí ó wo kàlẹ́ńdà dáadáa, nítorí Àjíǹde lè bọ́ sí ọjọ́ 22 oṣù Máàṣì, ó sì lè bọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù Épírì. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi òkè Nọ́wè tàbí ibi tí ó ga gan-an. Àwọn ará Nọ́wè alára, Àjíǹde ni ìgbà síkì tí wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí ọjọ́ ti gùn, oòrùn sì ti ń ràn.

Òkè mẹ́ta tí a fi wéra

Òkè pọ̀ bí eṣú. Mẹ́ta ni a ó mú, kí olúkúlùkù lè fi wọn wọn èyí tí wọ́n bá tún fi lọ̀ ọ́.

Èkíní ni Sjusjøen, lókè Lillehammer ní ilẹ̀ Nọ́wè, ìlú tí ó gba àlejò eré Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní 1994. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 800 sí 850. Kò ga tó Jos pàápàá, nítorí náà èémí kì í jẹ́ wàhálà níbẹ̀. Ìhà àríwá tí ó wà ni ó fi ń ní òjò dídì, kì í ṣe gíga rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń lọ sókè sódò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ipa tí wọ́n fà sílẹ̀ sì ju kìlómítà 300 lọ. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé ènìyàn láti Oslo dé Lillehammer ní nǹkan bí wákàtí méjì. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fi síkì ṣeré. Ìtàn ìlú wọn ni. Ní ọdún 1206, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn jagunjagun méjì gbé ọmọ ọba kékeré kan, Håkon, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, wọ́n sì fi síkì gbé e sá gba orí òkè náà kọjá kí ọ̀tá má bàa pa á. Ọmọ náà jọba ní 1217. Ní ìrántí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sá ìdíje Birkebeiner láti 1932, kìlómítà 54, bí ẹni ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ gbé ẹrù kílò 3.5 sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ọmọ náà. Àléébù rẹ̀ ni pé òtútù ibẹ̀ máa ń mú gan-an. Ní Jánúárì ó lè sọ̀kalẹ̀ dé díìgírì 20 sábẹ́ òdo. Oúnjẹ Nọ́wè sì wọ́n.

Èkejì ni Seefeld ní ilẹ̀ Ọ́sítíríà. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 1,200, bákan náà pẹ̀lú Jos. Ilẹ̀ tí ó tẹ́ ni, àwọn òkè ńlá sì yí i ká bí ògiri àgbàlá. Ipa ibẹ̀ ju kìlómítà 200 lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe eré síkì ìrìn nígbà tí Innsbruck gba àlejò Òlíńpíìkì ní 1964 àti 1976. Ọkọ̀ ojú irin láti Innsbruck kò gbà tó wákàtí kan, àárín ìlú gan-an ni ó sì ń já ènìyàn sí. Ẹni tí kò fẹ́ síkì lè fi ẹsẹ̀ rìn lójú ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí kí ó wọ ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ìgbà òtútù bá móoru, òjò dídì rẹ̀ lè má pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni àfonífojì Engadin ní Swítsàlandì, níbi tí ìlú St. Moritz wà. Gíga rẹ̀ tó mítà 1,800. Adágún odò ibẹ̀ a máa dì gbagidi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fa ipa síkì lé e lórí. Láti 1969 ni wọ́n ti ń sá Engadin Skimarathon níbẹ̀ ní oṣù Máàṣì, kìlómítà 42, àwọn tí ń kópa nínú rẹ̀ sì ju 10,000 lọ. Ó tẹ́, ó lẹ́wà, òjò dídì rẹ̀ sì dájú ju ti Seefeld lọ. Ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé: àwọn tí ń ṣàkóso eré síkì lágbàáyé pàápàá kì í fẹ́ kí ipa ìdíje kọjá mítà 1,800. Ibi tí ara àwọn elére ìje parí sí ni àlejò yóò ti bẹ̀rẹ̀. Owó ibẹ̀ sì ń ta ènìyàn bí agbọ́n.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ni, Oslo wà. Ọkọ̀ ojú irin ìgboro, Ìlà 1, ń gbé ènìyàn láti àárín ìlú lọ sí Frognerseteren lórí òkè. Nínú ọkọ̀ náà ni ẹ ó ti rí akọ̀wé, ọmọ ilé ìwé àti ìyá arúgbó tí wọ́n gbé síkì lọ́wọ́ bí ẹni gbé agbòjò. Bí òjò dídì bá wà, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á wọ inú igbó lọ.

Ọ̀rọ̀ owó

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ìròyìn ayọ̀ ni pé síkì ìrìn kì í gba owó tó síkì ìsọ̀kalẹ̀, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ agbénigòkè tí à ń sanwó rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní Nọ́wè, ọ̀pọ̀ ipa ni kì í gba owó rárá. Ní Seefeld àti Engadin, wọ́n ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń lo ipa. Ẹ má ra síkì. Ẹ háyà rẹ̀. Ẹ sanwó fún olùkọ́ síkì ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nítorí ẹni tí kò mọ bí a ti ń dúró kò gbọdọ̀ kọ́ bí a ti ń sáré.

Ẹ yan ilé tí ó ní ilé ìdáná. Ẹ lè di gàrí àti èlùbọ́ dání, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe di ẹran díndín tàbí wàrà láti Lọ́ńdọ́nù. Láti ọdún 2021 ni ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù kò ti gbà kí èrò gbé wọn wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́.

Àwọn tí wọ́n ṣì ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ní láti gba físà Schengen. Ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò yọ wọ́n sílẹ̀. Físà kan yìí ni Nọ́wè, Ọ́sítíríà àti Swítsàlandì ń lò. A lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò lọ. Wọ́n ń béèrè ìwé ínṣọ́ránsì ìwòsàn tí ó tó 30,000 yúrò ó kéré tán. Ẹ ka ìwé náà dáadáa bóyá síkì wà nínú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni ó yọ síkì sílẹ̀. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ gba ilé tí yóò dá owó padà bí òjò dídì kò bá sí.

Àpẹẹrẹ tọkọtaya kan

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ká sọ pé olùkọ́ ni ọkọ ní Lọ́ńdọ́nù, ìyàwó rẹ̀ sì ń ta èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ní Peckham. Wọ́n ní ìbejì tí ara wọn le, wọ́n sì ní àbúrò ìbejì tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Ìyá ọkọ ti Ìbàdàn wá kí wọn. Ìsinmi Fẹ́búárì ni wọ́n fẹ́ lò. Ọ̀rọ̀ wọn yóò lọ báyìí:

“Ìyá Ìbejì, St. Moritz ni kí á lọ. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá ń lọ.”

“Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé orúkọ ni a fẹ́ lọ jẹ ni, àbí a fẹ́ lọ sinmi? Èyí àbíkẹ́yìn wa ńkọ́?”

“Kí á lọ sí Nọ́wè nígbà náà. Kò ga rárá.”

“Òtútù tí ẹ sọ pé ó dé díìgírì 20 sábẹ́ òdo yẹn ńkọ́? Ṣé òun kì í mú ọmọ ni?”

Ìyá àgbà yóò wá dá sí i pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ wí. Èmi kàn fẹ́ mọ ibi tí n ó jókòó sí nígbà tí ẹ bá ń yọ̀ kiri, àti ibi tí ilé ìwòsàn wà.”

Ìyá àgbà ni ó bá wọn mú ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ó yẹ. Bí dókítà bá gbà kí ọmọ náà lọ, Seefeld ni ó yẹ wọ́n. Kò ga jù. Òtútù rẹ̀ kì í sábà mú tó ti Nọ́wè. Ìyá àgbà yóò rí ojú ọ̀nà rìn, yóò sì rí ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ jókòó. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà ní Innsbruck nítòsí. Àbúrò ìbejì lè rìn díẹ̀ ní ọ̀sán, kí ó mu omi gbígbóná, kí ó sì tètè padà sílé kí ara rẹ̀ tó tutù. Bí ó bá sì jẹ́ pé dókítà kò gbà, kí wọ́n fi òkè sílẹ̀ pátápátá ní ọdún náà, kí wọ́n wá ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ lọ. Ìbejì yóò sunkún díẹ̀, ẹkún wọn kò sì ní pa wọ́n.

Ká ní àwọn méjì tí wọn kò tíì bímọ, tí ara wọn dá ṣáṣá, ni wọ́n ń lọ nígbà Kérésìmesì, Engadin ni à bá ní kí wọ́n lọ bí owó wọn bá ká a. Ká ní àwọn olùkọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń lọ nígbà Àjíǹde, tí wọ́n fẹ́ rìn jìnnà kí wọ́n sì fi owó pamọ́, Sjusjøen ni. Gbogbo wọn ni ó dára. Kò sí èyí tí ó dára fún gbogbo ènìyàn.

Ohun tí ó lè gba ẹ̀mí

Ipa tí wọ́n ti fà sílẹ̀ ní àmì. Ní Ọ́sítíríà, aró ni fún èyí tí ó rọrùn, pupa fún èyí tí ó le díẹ̀, dúdú fún èyí tí ó le gan-an. Ní Nọ́wè, àwọ̀ ewé wà ṣáájú aró, òun ni ó rọrùn jù. Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ kò ní iṣẹ́ kankan lójú ipa dúdú.

Ẹ má ṣe kúrò lójú ipa. Òjò dídì tí ó kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè lè ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ògiri tí ó wó, kí ó sì bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Ibi tí òkè ti dagun bí òrùlé ilé ni ó ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Lójoojúmọ́ ni àwọn aláṣẹ ń kéde ewu yìí láti orí 1 dé 5 ní àwọn òkè ńlá wọ̀nyí. Kí ẹ béèrè nọ́ńbà ọjọ́ náà lọ́wọ́ onílé yín kí ẹ tó jáde.

Ẹ má ṣe wọ aṣọ òwú mọ́ ara, nítorí bí òógùn bá ti rin ín, ó di omi tútù sí ènìyàn lára. Aṣọ irun àgùntàn ni kí ó kan ara, kí ẹ sì wọ òmíràn lé e tí ẹ lè bọ́ bí ara bá gbóná. Ẹ mu omi bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ yín, nítorí òtútù kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ẹ wọ awò dúdú, nítorí òjò dídì tuntun lè dá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìtànṣán oòrùn tí ń jó ni padà sójú ènìyàn. Dúdú tí a dúdú kò gba ojú wa lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní pàtàkì jù lọ, ẹ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ padà. Roald Amundsen, ọmọ Nọ́wè, ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó dé òpin ayé níhà gúúsù, ní ọjọ́ 14 oṣù Dìsẹ́ńbà 1911. Síbẹ̀, ní 1896, nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ fi síkì la Hardangervidda kọjá, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gíga kan ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ níbi tí igi kì í hù sí, ìjì òjò dídì ká wọn mọ́. Díẹ̀ ló kù kí àwọn méjèèjì kú. Ní àkókò Àjíǹde ọdún 1967, ènìyàn 18 ni ó kú lórí àwọn òkè Nọ́wè. Àwọn ará ibẹ̀ ní òfin mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn nípa òkè. Ọ̀kan nínú rẹ̀ sọ pé kí ènìyàn tètè yí padà, pé kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí àwọn tí wọ́n bí sínú òjò dídì bá ń sọ bẹ́ẹ̀, kí ni ti àwa tí a bí sínú oòrùn?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ lókè òkun, bí wọ́n bá kọ̀wé sí yín pé àwọn ń lọ sórí òkè, ẹ má kàn ṣàdúrà fún wọn nìkan. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin: Ta ni ń lọ? Ìgbà wo ni? Báwo ni òkè náà ṣe ga tó, ṣé orí rẹ̀ sì tẹ́? Kí ni dókítà wí? Ẹni tí ó bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti mọ òkè tí ó yẹ ẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n lọ ire, kí wọ́n sì bọ̀ ire.